Ọ̀nà Márùn-ún Láti Fi Okun sí Ara Agbábọ́ọ̀lù Láìpa Á Lára: Èwo Ló Bá Ẹgbẹ́ Yín Mu?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá ń wá bí okun àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò ṣe tó wọn lò títí di ìṣẹ́jú 90 kò ní ṣàìgbọ́ ìmọ̀ràn tí ó takora. Ẹnì kan yóò ní kí ó kó wọn jáde lọ sá eré gígùn; ẹlòmíràn yóò ní eré tí kò bá sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kò wúlò fún agbábọ́ọ̀lù; ẹnì kẹta yóò ní eré àsápajúdé nìkan ni ó ń jẹ́ kí ẹni iwájú dé ìdí bọ́ọ̀lù ṣáájú adènà. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ òótọ́ kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀ àti irú agbábọ́ọ̀lù tí ó bá mu. Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tí ó ní pápá, fèrè àti wákàtí kan ó lé díẹ̀ lọ́wọ́ lè mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Kí n má fi èrò tèmi pamọ́: bọ́ọ̀lù kékeré, ìyẹn mẹ́ta sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí mẹ́rin, ni ó yẹ kí ó jẹ́ òpó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú rẹ̀ tí eré àsápajúdé nìkan lè dí.

Òṣùwọ̀n tí a ó lò

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe jọ ìdíje fúnra rẹ̀ tó. Nínú ìdíje ìṣẹ́jú 90, agbábọ́ọ̀lù àgbà tí kì í ṣe aṣọ́lé máa ń rin tó kìlómítà 10 sí 12 lápapọ̀, nínú ìrìn, eré pẹ̀lẹ́ àti eré kíkankíkan. Ìrìn àti eré pẹ̀lẹ́ ni ó pọ̀ jù, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ó lè lù dé. Ìdí ni pé bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ bá ti ń kọjá, yóò sá eré àsápajúdé kan tí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4 lọ, láì ka fífò, yíyí padà, dídúró lójijì àti fífi ara kan ara. Ọ̀nà tí kò bá ní ìdúró lójijì àti ìyípadà nínú ń kọ́ ara fún iṣẹ́ mìíràn ni.

Òṣùwọ̀n kejì ni ewu: ibo lára ni ọ̀nà yìí máa ń pa, ta ni ó sì máa ń pa jù? Ẹ̀kẹta ni ìdarí, ìyẹn bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá lè mọ bí iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ti pọ̀ tó, nítorí ẹni tí ó fara pamọ́ sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí okun kankan gbà. Ẹ̀kẹrin ni ohun èlò, ààyè pápá àti iye ènìyàn. Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ibi tí a dé nínú sáà ìdíje.

Nípa ìdarí, kò pọn dandan kí a ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ fi 0.7 sọ ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù di púpọ̀, kí ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 208. Ohun tí ó kù ni iye tí a lè fojú bù pé ọkàn rẹ̀ lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan. Fún ẹni ọdún 20, 194 ni yóò jẹ́, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì súnmọ́ 175. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó: láti 0 dé 10, báwo ni iṣẹ́ òní ṣe le tó? Ẹ fi ìdáhùn náà sọ iye ìṣẹ́jú di púpọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó dáhùn 7 lẹ́yìn iṣẹ́ 60 ìṣẹ́jú ti ṣe 420. Bí iye tí ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí bá ga fíofío ju ti àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú lọ, ẹ dẹwọ́ fún un.

Ohun tí kò sí nínú yíyàn

Kí a tó dé orí yíyàn, àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi dùnà-án-dúrà. Mímú ara gbóná ni olórí wọn. Ètò tí FIFA ṣe, tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+, ní ìdárayá 15 nínú, ó sì ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú: eré pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 8, iṣẹ́ agbára iṣan, ìdúróṣinṣin àti fífò fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà eré tí ó yá díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin agbábọ́ọ̀lù ní Norway, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, ìpalára lápapọ̀ dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ó ń ṣe é, èyí tí ó lágbára sì dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè ju bọ́ọ̀lù àti kóònù díẹ̀ lọ. Mo ti rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó ń fi ìyípo méjì yí pápá ká àti nínà ẹsẹ̀ lórí ìdúró rọ́pò rẹ̀. Àkókò tí ó rò pé òun jèrè níbẹ̀ kò tó ìdajì ọ̀sẹ̀ kan tí agbábọ́ọ̀lù tí iṣan rẹ̀ já yóò fi jókòó.

Ẹ rin pápá já kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kí ẹ wá kòtò, ìgò àti òkúta, kí ẹ sì rí i dájú pé òpó góòlù tí a lè gbé kiri wà ní dídè mọ́lẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ ti wó pa ọmọdé rí. Ẹ bi àwọn agbábọ́ọ̀lù léèrè bóyá ibà ń ṣe ẹnikẹ́ni, bóyá àyà ń dun ẹnì kan tàbí ó ti dákú rí nígbà tí ó ń sáré. Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sáré títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí yóò pe ọkọ̀ pàjáwìrì àti ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò gbà wọlé.

Eré gígùn

Èyí ni àwọn àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀ jù: eré pẹ̀lẹ́ tí kò dúró, fún 30 sí 45 ìṣẹ́jú, ní ìwọ̀n tí ènìyàn ṣì lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ná ènìyàn ní nǹkan kan, kò béèrè pápá, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ṣe é. Ó dára fún ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti jókòó, àti fún ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì ìgbaradì ṣáájú sáà, nígbà tí ara kò tíì lè gba iṣẹ́ líle.

Àmọ́ kò jọ bọ́ọ̀lù. Kò sí ìdúró, kò sí ìyípadà, eré náà kò sì yá. Ewu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń ṣubú luni lójijì. Ó máa ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ ni, pàápàá ní egungun ojúgun àti orúnkún, bí a bá fi kún jíjìnnà rẹ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí tí a ń sá a lórí ọ̀nà líle. Ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí ó sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ sá eré gígùn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí ń fi àkókò ṣòfò.

Eré líle pẹ̀lú ìsinmi láàárín

Ìṣẹ́jú mẹ́rin, lọ́nà mẹ́rin, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí. Agbábọ́ọ̀lù yóò sáré fún ìṣẹ́jú 4 títí ọkàn rẹ̀ yóò fi máa lù ní ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ó lè lù dé, yóò sá pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn ará Norway ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2001: àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, iye afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara wọn lè lò ròkè láti 58.1 dé 64.3 mìlílítà fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, jíjìnnà tí wọ́n ń sá nínú ìdíje fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iye eré àsápajúdé wọn sì di ìlọ́po méjì.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti borí àwọn yòókù ni ìdarí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sá, kò sì sí ẹni tí ó lè fara pamọ́. Ara kò kan ara, nítorí náà ìpalára inú ìkọlù kò sí. Àìdára rẹ̀ ni pé kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a to gbogbo ènìyàn sórí ìlà kan kí a sì ní kí wọ́n sá jíjìnnà kan náà: ẹni tí okun rẹ̀ pọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ tó, ẹni tí kò ní okun yóò sì ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán wọn wò, kí ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìdánwò Yo-Yo tí Jens Bangsbo ará Denmark gbé kalẹ̀ rọrùn: mítà 20 ní àlọ, mítà 20 ní àbọ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ìyára máa pọ̀ sí i títí ẹni náà kò fi ní lè bá ohùn aago mọ́.

Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù

Ètò ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ni èyí, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù ń da bọ́ọ̀lù láàárín kóònù, ó ń fo ohun ìdènà kúkúrú, ó sì ń fa bọ́ọ̀lù náà padà sẹ́yìn ní apá kan. Ó ń mú inú wọn dùn ju eré lásán lọ. Ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù dà lè mú ọkàn rẹ̀ dé ìwọ̀n tí a ń wá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yóò máa dá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dà dúró, ọkàn rẹ̀ kò sì ní gòkè. Ó tún ń gba kóònù púpọ̀ àti ìṣẹ́jú 15 láti tò ó. Èmi a máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ènìyàn kò bá ju mẹ́fà lọ, àti fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti inú ìpalára tí ó lè sáré ṣùgbọ́n tí a kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọlù.

Bọ́ọ̀lù kékeré

Orí èyí ni a ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé òun ni ó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní agbára jù, òun náà sì ni ó máa ń tàn án jù. Mẹ́ta sí mẹ́ta nínú ààyè mítà 30 sí 20, ìṣẹ́jú 4 lọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3, lè mú ọkàn dé ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré líle tí kò ní bọ́ọ̀lù. Láàárín àkókò yẹn, agbábọ́ọ̀lù ń wo ẹlẹgbẹ́, ń gba bọ́ọ̀lù, ń dúró, ń yí, ń gba àlàfo. Gbogbo ohun tí ìdíje ń béèrè ni ó ń ṣe. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà, kóònù mẹ́rin àti ẹ̀wù àwọ̀ méjì ni gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Bí a ṣe ń yí i ni ó ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá dínkù tí ààyè ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀, ọkàn yóò gòkè. Bí a bá fi aṣọ́lé sí i, ó sábà máa ń relẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ yóò dúró dáàbò bo ilé. Bí bọ́ọ̀lù bá ń jáde tí a sì ń lọ wá a nínú koríko, ìsinmi tí a kò ṣètò ti wọlé. Nítorí náà ẹ to bọ́ọ̀lù yí ààyè náà ká kí ẹ lè jù òmíràn wọlé lójú ẹsẹ̀. Ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́: ìgbà tí ó bá ń pariwo kí wọ́n tẹ̀síwájú, iṣẹ́ máa ń le ju ìgbà tí ó bá ká ọwọ́ kò lọ.

Ibo wá ni àlàfo tí mo sọ? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú mẹ́ta sí mẹ́ta lórí mítà 30 sí 20, mítà onígun mẹ́rin 100 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pápá ìdíje tí ó jẹ́ mítà 105 sí 68 ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 22 ní nǹkan bí 324. Agbábọ́ọ̀lù inú bọ́ọ̀lù kékeré kò ní ààyè tí yóò fi sáré dé òkè agbára rẹ̀. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ karùn-ún, ìlà ti dé tàbí kí ẹnì kan ti dí i lọ́nà. Ẹgbẹ́ tí kò ṣe ju èyí lọ láti oṣù dé oṣù yóò ní okun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje ni iṣan ẹ̀yìn itan wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pàdé eré àsápajúdé gidi. Ewu mìíràn ni ìkọlù, yíyí ọrùn ẹsẹ̀, àti iṣan inú itan tí ìdúró lójijì léraléra ń fà. Láàárín àwọn ọmọdé, ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí nìkan pín wọn. Ọmọ ọdún 13 méjì lè fi kìlógíráàmù 20 ju ara wọn lọ. Ìdarí rẹ̀ náà kò dára tó ti eré líle: nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹnì kan lè dáhùn 9 lẹ́yìn iṣẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn 5.

Eré àsápajúdé

Ẹ̀yà méjì ni. Èkíní wà fún ìyára: mítà 10 sí 30, lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi pípé láàárín wọn. Òfin àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ń tẹ̀lé ni ìsinmi ìṣẹ́jú kan fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan. Ojú máa ń ti akọ́nimọ̀ọ́gbá láti jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró lásán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìsinmi náà, kì í ṣe ìyára ni a ń kọ́ mọ́. Èkejì wà fún àtúnsá: mítà 30, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Ó le gan-an, ẹni tí kò tíì ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn ọ̀nà ìṣáájú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ìpalára iṣan ẹ̀yìn itan máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń sá eré àsápajúdé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń sá fún un. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ eré yìí rí ni ó ń pa jù. Ìgbà ni ó ń yà á sọ́tọ̀: ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná, kí àárẹ̀ tó dé. Ọdún kan wà tí mo fi í sí ìparí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìjìyà fún ẹgbẹ́ tí ó pàdánù bọ́ọ̀lù kékeré. Ní ìsáré kẹrin, ọmọkùnrin kan di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú, ó sì jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti eré náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìdárayá Nordic kún un: agbábọ́ọ̀lù yóò kúnlẹ̀, ẹlẹgbẹ́ yóò di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, yóò sì máa rọra tẹ̀ síwájú títí yóò fi fi ọwọ́ balẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ìpalára iṣan ẹ̀yìn itan kù ní nǹkan bí ìdajì. Kò náni ní kọ́bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú kí iṣan ro ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí ìdíje.

Bí a ṣe lè tò wọ́n sínú iṣẹ́ ọjọ́ kan

Fún iṣẹ́ 75 ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 20 fún mímú ara gbóná, 12 fún eré àsápajúdé, 25 fún bọ́ọ̀lù kékeré ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ìyókù fún omi, iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti mímú ara wálẹ̀. Ẹ má yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí padà. Ohun tí ó nílò ara tí kò tíì rẹ̀ ni ó ń ṣáájú. Iṣẹ́ tí ó le bí èyí nílò ó kéré tán wákàtí 48 kí ìdíje tó dé.

Bí oòrùn bá le, ẹ dín iye ìṣẹ́jú kù, kí ẹ fi ìsinmi omi kún un. Agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ gbóná jù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú wà nínú ewu ikú: omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ rì í sí tàbí kí ẹ dà sí i lára, kí a tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó fi orí gbá nǹkan tí ojú rẹ̀ sì ṣú kò gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó sì ṣubú láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, ẹ kà á sí pé ọkàn rẹ̀ ti dúró: ẹ pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kan sì sáré mú ẹ̀rọ AED tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí wá. Nítorí pé wọ́n yára ṣe bẹ́ẹ̀ ní Copenhagen ní oṣù kẹfà 2021 ni Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark tí ọkàn rẹ̀ dúró lórí pápá, ṣe wà láàyè tí ó sì tún padà gbá bọ́ọ̀lù.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹgbẹ́ àgbà tí ó ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó mú bọ́ọ̀lù kékeré pẹ̀lú eré àsápajúdé kúkúrú, kí ó fi eré gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì ìgbaradì. Ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má fi ọjọ́ náà sá eré lásán. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ ṣe eré líle ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ènìyàn rẹ̀ ju 30 lọ tí ó sì dá wà kò lè ṣọ́ bọ́ọ̀lù kékeré márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Eré líle ní ọ̀wọ́ mẹ́ta ni ó bá a mu jù, kí ọ̀wọ́ tí ń sinmi máa ṣe iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò nílò èyíkéyìí nínú àwọn eré tí kò ní bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kékeré àti eré ìdárayá tí wọ́n ń lé ara wọn kiri ti tó. Bí wọ́n bá wọ ìgbà tí ara ń ga lójijì, ẹ ṣọ́ ìrora abẹ́ orúnkún, kí ẹ sì dín fífò kù fún ẹni tí ó bá ní i. Ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35 tí ó ń padà sí pápá, kí ó lọ rí dókítà, kí ó fi eré gígùn bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi àtúnsá eré àsápajúdé sílẹ̀ pátápátá fún oṣù àkọ́kọ́. Aṣọ́lé kò nílò eré líle ìṣẹ́jú mẹ́rin rárá. Mítà 5 sí 10, fífò àti dídìde kíákíá ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwọn tí a máa ń gbàgbé ni àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Agbábọ́ọ̀lù tí kò wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pàdánù gbogbo eré àsápajúdé tí ìdíje ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òpin ìdíje, nígbà tí àwọn yòókù bá ń wẹ̀, ẹ kó wọn padà sórí pápá, kí ẹ mú ara wọn gbóná, kí wọ́n sá mítà 30 lẹ́ẹ̀mẹ́fà pẹ̀lú ìsinmi pípé.